Ikọ́ Tí Ń Jáde Nílé Díẹ̀díẹ̀

“Ìyàwó, ṣé ikọ́ bàbá yín ti rọlẹ̀ díẹ̀?”

Obìnrin arúgbó kan ló bi Sàídátù ní ìbéèrè yìí, lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Kútọ̀nù, lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ Bàbá Làmídì. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn mú débi pé yanrìn ojúde ń dán bí iyọ̀. Sàídátù gbé àwo sàárà lọ́wọ́, ó ń wo ojú obìnrin náà.

Bàbá ọkọ rẹ̀ ni Bàbá Làmídì. Ikọ́ ló pa á. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti fi yanrìn bò ó. Òkú kì í wúkọ́: èsì tó yẹ kó jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú tí Sàídátù ti ń gbọ́ ikọ́ náà nínú ilé, lẹ́yìn ìrun alásàrì, nígbà tí ọ̀sán bá ń rọ̀ lọ sí ìrọ̀lẹ́. Iyàrá inú ló ti ń wá, níbi tí wọ́n máa ń tẹ́ ẹní bàbá náà sí. Yóò gbẹ, yóò sì ha, bí ìgbà tí ènìyàn ń wọ́ àpótí lórí símẹ́ńtì. Yóò dáwọ́ dúró. Yóò tún ha lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ á pa. Kò sọ fún ẹnì kankan. Kò sọ fún Mùílíù ọkọ rẹ̀ pàápàá, nítorí ó rò pé ọ̀fọ̀ ló ń da òun lọ́kàn rú, kò sì fẹ́ fi tirẹ̀ kún ti ọkọ rẹ̀.

“Ta ni ká pè yín, Màámi?” Ohun tó rí sọ nìyẹn.

“Adéjọkẹ́ ni mí. Fìjírọ̀sè ni mò ń gbé, létí òkun. Ẹja ni mò ń yan. Onígbàgbọ́ ni mí, n kò lè já wọ àárín àwọn àáfà yín lójijì, ìdí tí mo fi dúró síta nìyí. Bá mi pe ọkọ rẹ. Mo gbọ́ pé ó gba gbèsè bàbá rẹ̀ sọ́rùn níwájú àwọn èèyàn. Èmi ni bàbá rẹ̀ jẹ.”

Ó yẹ ká mọ bí Mùílíù ṣe gba ohun tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Láàárín àwọn Nàgó tó jẹ́ mùsùlùmí, kí wọ́n tó kírun sí òkú lára, àáfà á kọjú sí àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀, á béèrè bóyá olóògbé jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Ẹni tí ó jẹ, kí ó wí, tàbí kí ó forí jì í. Nítorí ọkàn ẹni tó bá kú tòun ti gbèsè, síso ló so rọ̀, kò ròkè, kò rodò. Ọmọ olóògbé á wá dáhùn pé òun ni kí wọ́n bi. Ṣùgbọ́n àgbà ilé a máa kọ́kọ́ fọgbọ́n wádìí lábẹ́lẹ̀ kí ọmọ tó la ẹnu. Ẹrù tí èèyàn kò bá tíì fojú rí, kì í rù ú.

Mùílíù kò dúró de àgbà kankan. Orí wọ́ọ̀fù ló ti ń ṣiṣẹ́, afárá onírin gígùn tó wọnú òkun lọ, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá pè é. Kó tó sáré dé, wọ́n ti wẹ bàbá rẹ̀ tán, wọ́n ti fi aṣọ funfun bò ó lójú. Ìyẹ̀fun fúláwà ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tó tò sẹ́yìn àáfà. Kò rí ojú bàbá rẹ̀, kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kan lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà, bí àáfà ṣe béèrè, tí àbúrò bàbá rẹ̀ sì ń na ọwọ́ láti fà á láṣọ, ohùn rara ló fi dáhùn: “Ohunkóhun tí ì báà jẹ, ọrùn mi ló wà. N óò san án tán.” Àwọn èèyàn sunkún, wọ́n ní ọmọ gidi ni. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú ìlà, nítorí kò sí ẹni tí bàbá náà jẹ nínú ìlà. Ẹni tí ó jẹ wà ní Fìjírọ̀sè, ó ń yí ẹja lórí èéfín.

Epo pupa ni Bàbá Làmídì ń tà nígbà ayé rẹ̀. A máa gbà á láwìn lọ́wọ́ àwọn ará Ṣakété, ìlú rẹ̀, a kó o kọjá Kútọ̀nù lọ sí àwọn ọjà ìwọ̀-oòrùn, bó bá sì tà á tán, a dá owó olówó padà. Lọ́dún kan, ọkọ̀ tó gbé epo rẹ̀ ṣubú ní Gòdómẹ̀. Epo ṣàn lójú títì, àwọn èèyàn ń fi igbá bù ú. Ìtìjú kò jẹ́ kí bàbá náà délé wí. Ọ̀dọ̀ Adéjọkẹ́, ẹni tí bàbá náà máa ń ra ẹja yíyan lọ́wọ́ rẹ̀, ló gbà lọ. Obìnrin náà sì kó owó tó fẹ́ fi kan páànù ilé rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Àwọn ará Ṣakété rí owó wọn gbà pé pérépéré. Wọn kò mọ̀ pé ọkọ̀ kan ṣubú rí. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, Bàbá Làmídì á fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Fìjírọ̀sè pẹ̀lú ohun díẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ará ilé rò pé atẹ́gùn òkun ló ń wá fún àyà rẹ̀. Nígbà tí ikọ́ wá dè é mọ́ ẹní, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́.

Mùílíù lọ sí Gòdómẹ̀ àti Ṣakété lọ wádìí. Bí obìnrin náà ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló bá a. Nígbà tó padà dé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí.

“Sàídátù, owó tó kù yìí lè ra kẹ̀kẹ́ tuntun kan.”

“Kẹ̀kẹ́ kan péré?”

“Àti àbúrò rẹ̀.”

Sàídátù rẹ́rìn-ín díẹ̀, ọkọ rẹ̀ náà sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì. Nígbà tí Sàídátù sin Adéjọkẹ́ sọ́nà lọ́jọ́ fídáù yẹn, ó ti bi í léèrè ìdí tó fi béèrè ikọ́ òkú. Obìnrin náà kò dúró, ó ń rìn lọ ló ń sọ ọ́.

“Ọkọ tèmi náà fi gbèsè sílẹ̀ lọ. Ìdí kànga la ti máa ń gbọ́ tirẹ̀. A ń gbọ́ tí okùn ń sáré lọ sísàlẹ̀, a ń gbọ́ tí omi ń dún. Bí a bá dé ibẹ̀, okùn gbẹ. Má bẹ̀rù, ọmọ mi. Bẹ́ ẹ bá ti ń san án, yóò máa jìnnà sí yín. N kò ní kí ẹ san án lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣá máa fi ọwọ́ ara yín mú un wá.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mùílíù ra kóló amọ̀ kan, wọ́n gbé e sí abẹ́ ibùsùn, wọ́n sì bá ara wọn ṣe àdéhùn pé ẹni tó bá sọ owó sí i gbọ́dọ̀ dárúkọ ohun tó fi du ara rẹ̀. Bí Mùílíù bá ti ibi iṣẹ́ dé, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ní, “Kọfí ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀fù nìyí.” Sàídátù á dáhùn láti ìdí ààrò pé, “Ọrùn ń fúyẹ́.” Bí ó bá kan Sàídátù, á ní, “Ṣúgà inú ẹ̀kọ nìyí,” Mùílíù náà á sì dáhùn pé ọrùn ń fúyẹ́. Bó bá jẹ́ pé inú ń bí wọn síra wọn lọ́jọ́ náà, wọn kò lè ṣàì dáhùn. Èyí ló tètè máa ń parí ìjà wọn.

Mùílíù ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, bàtà rẹ̀ ní abíyá, ó di ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀fù kó tó wọ̀ ọ́, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má baà tètè jẹ. Sàídátù kò ra èédú mọ́. Èésan tí àwọn tó ń ṣe epo ń dànù ló ń ṣà, ó ń fi í dáná. Orí ẹja ló ń rà, kì í ra ara. Fìtílà kì í tàn ju ìgbà oúnjẹ lọ. Ní wọ́ọ̀fù, wọ́n máa ń jẹ́ kí Mùílíù kó àpò fúláwà tó bá ya wálé. Aṣọ funfun nípọn ni àpò náà, wọ́n kọ lẹ́tà Faransé gàdàgbà sí i lára. Sàídátù á rẹ ẹ́ sínú omi eérú, á fọ̀ ọ́, á tún un fọ̀, á sá a sóòrùn, títí lẹ́tà náà á fi ṣí. Á sì rán an ní aṣọ ìtẹ́sùn. Ó ní àwọn lẹ́tà kan tí kò ṣí tán, ó sì máa ń jẹ́ pé lórí ìyókù orúkọ ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan ni wọ́n sùn sí.

Lọ́jọ́ kan tí Iléyá ń bọ̀, Sàídátù rí aṣọ tuntun lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó wọlé, ó jókòó, omijé sì ń bọ́. Mùílíù jókòó tì í.

“Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà,” ó wí.

“Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ mùsùlùmí, ẹ tún ń fi ẹlẹ́dẹ̀ pòwe.”

“Òwe rẹ̀ ni mo jẹ. N kò jẹ ẹran rẹ̀.”

Sàídátù rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé ara wọn.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fọ́ kóló náà, Sàídátù ló mú owó lọ sí Fìjírọ̀sè lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó padà dé, ó kírun alásàrì, ó jókòó sójú ẹní, ó ń retí. Ikọ́ náà wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe láti iyàrá inú. Ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti wá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, bí ẹni tó ti dìde lórí ẹní tó sì ń sinmi mọ́ ògiri. Sàídátù yíjú, ó rí ọkọ rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ìloro, tó ti da ọwọ́ bo ẹnu.

“Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ?” ló bi í.

“Láti ọjọ́ tí a ti sin ín,” ni Mùílíù wí. “Mo rò pé èmi nìkan ni. N kò fẹ́ dẹ́rù bà ọ́.”

Àṣé àwọn méjèèjì ti ń jókòó sínú ilé kan náà láti ọjọ́ yìí, tí olúkúlùkù ń gbọ́ ohun kan náà, tó sì ń bò ó mọ́ra nítorí èkejì.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń san owó náà, tí ikọ́ náà sì ń rìn. Ó kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dé ìloro. Ó kúrò ní ìloro, ó dé ìdí igi àgbọn láàárín àgbàlá. Kì í yára. Bí owó tí wọ́n mú lọ bá kéré, ibi kan náà ló máa wà. Ràṣídátù ló ń gbé iyàrá kejì nínú àgbàlá yẹn, obìnrin tí kì í pa ẹnu mọ́. Ó ti fi ọ̀rọ̀ ìṣọ́wóná wọn ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

“Sàídátù, ṣé ẹja lo fi se ọbẹ̀ yìí ni, àbí òórùn ẹja?”

“Òórùn ni. Ẹja fúnra rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.”

“Bó bá dé, kó bá mi kí orí rẹ̀ tí ẹ jẹ lánàá.”

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Ràṣídátù ń rokà nídìí ààrò rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí igi àgbọn. Ikọ́ náà dún níbẹ̀. Láìbojú wẹ̀yìn, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí àgbàlagbà náà wà láyé, ó dáhùn pé, “Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o.” Ó ń ro ọkà rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Orógùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ìkòkò. Kò wẹ̀yìn. Ó dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wọ iyàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ọkà náà sì jóná. Lọ́jọ́ kejì, ó wọlé wá bá Sàídátù, ó tẹ owó kékeré kan lé e lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n sọ ọ́ sínú kóló fún òun, ọkà àná ni. Kò tún fi orí ẹja ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Oṣù kẹjọ ọdún náà ni ìlú gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé. Kútọ̀nù kún fọ́fọ́. Àsíá tuntun wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo, àwọn èèyàn ra aṣọ tuntun, wọ́n yìnbọn, wọ́n fọn fèrè, ọkọ̀ òkun ń ké lọ́hùn-ún lójú omi. Mùílíù àti Sàídátù kò ra àsíá, wọn kò ra aṣọ. Wọ́n lọ wòran, wọ́n sì tètè padà nítorí oyún tí Sàídátù ṣẹ̀ṣẹ̀ ní, oyún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí wọ́n ti ń retí. Wọ́n jókòó sí àgbàlá. Ariwo ìlú ń gba orí ògiri wọlé. Nínú gbogbo ariwo yẹn, ikọ́ Bàbá Làmídì dún kedere, kò ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì rẹlẹ̀. Bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ tí ibì kan péré kò sì tutù.

Ọdún náà yí po, oyún náà dàgbà, gbèsè náà sì ń dín kù. Ikọ́ jáde ní àgbàlá. Ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó dé ìta, lẹ́bàá ẹ̀rọ omi níbi tí àwọn obìnrin ti ń pọnmi. Sàídátù gbọ́dọ̀ lọ dúró sójúde kó tó lè gbọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn dáadáa. Ó ku díẹ̀ gan-an. Wọ́n fọ́ kóló ìkẹyìn, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì tó ohun tó kù. Mùílíù so ó mọ́ ṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ó ní òun ni yóò mú un lọ. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, òun ló gbà á sọ́rùn.

Ó lọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ní inú Adéjọkẹ́ dùn. Sàídátù dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lọ́jọ́ kejì, bí ó ṣe kírun alásàrì tán, ó ń ká ẹní, ikọ́ náà dún lẹ́nu ọ̀nà.

Sàídátù ká ẹní náà tán. Ó rò bóyá ìdágbére ni. Kò pẹ́ sí i, ikọ́ náà ti wà ní ìdí igi àgbọn. Ó tún ti yàtọ̀. Lẹ́yìn tó bá ha tán, mímí kan máa ń tẹ̀ lé e, gígùn, bí ẹni tó ń kó èémí jọ láti sọ̀rọ̀. Ọmọ inú Sàídátù, tó máa ń ta gan-an, a dákẹ́ lásìkò náà bí ẹni tó ń tẹ́tí.

Lọ́jọ́ tí Sàídátù mọ ìdí rẹ̀, ó ti ibi tó ti ń lọ ẹ̀wà dé. Ilé dákẹ́. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó rí Mùílíù ní iyàrá inú, ó jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó kọjú sí ẹní bàbá rẹ̀ tí ẹnì kan ti tún tẹ́. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni wọ́n ti ká ẹní náà. Mùílíù ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ń sọ bí iṣẹ́ ṣe lọ, iye àpò tó jábọ́ sómi, ohun tí ọ̀gá òyìnbó wí. Ohùn tí ọmọ fi ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. Sàídátù wo ẹní náà. Láàárín rẹ̀, koríko ẹní ti tẹ̀ wọlẹ̀ ní ìwọ̀n ìdí ènìyàn. Bó ṣe ń wò ó, ó tún tẹ̀ díẹ̀ sí i, bí ẹni tó yíra padà láti jókòó dáadáa.

Ó gbé ẹ̀wà náà kalẹ̀ kí ó má baà dà á nù.

“Ọkọ mi,” ó wí, “ẹ kò san owó náà.”

Mùílíù kò wẹ̀yìn. “Mo dé etí òkun. Mo jókòó síbẹ̀. Owó náà wà lára mi.”

“Kí ló dé?”

“Ṣé o kò gbọ́ bó ṣe ń mí? Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, Sàídátù. Nígbà tí a ń sanwó ńlá ńlá, ikọ́ lásán ló ń wú. Bí mo ṣe dáwọ́ dúró báyìí, ó ń gbìyànjú. Ó ku díẹ̀ kó sọ ọ́.” Ó yíjú nígbà náà, ojú rẹ̀ sì dàbí ti ọmọdé. “Wọ́n ti di í lójú kí n tó dé. Kí ni n bá ṣe? Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré. Bó bá ti sọ ọ́, n óò sanwó náà lọ́jọ́ kejì.”

Sàídátù jáde nínú iyàrá náà, ẹ̀rù bà á. Ó fẹ́ bínú, kò rí ìbínú. Lọ́jọ́ kejì, ó mú ọ̀nà Fìjírọ̀sè pọ̀n, tòun ti oyún tó ti wọ oṣù rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rì sínú yanrìn. Adéjọkẹ́ ń to igi sábẹ́ ẹja. Sàídátù ro gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó forí ji òkú náà nípa ìwọ̀nba tó kù.

“Mo ti forí jì í, ó pẹ́,” ni Adéjọkẹ́ wí. “Nígbà tí mo rí bí ẹ ṣe ń rù kan egungun nítorí gbèsè, mo forí jì í nínú ọkàn mi. Ṣé ikọ́ náà dúró? Kò dúró. Kì í ṣe ọwọ́ mi ló wà mọ́. Ọkọ rẹ ló fi ẹnu ara rẹ̀ so ó, ó wá di ìdí okùn mú.” Ó fi etí aṣọ nu ojú tí èéfín ń ta. Ó wo ikùn Sàídátù. “Àwa Nàgó, ṣé a kì í retí pé kí bàbá yà sọ́dọ̀ ọmọ ni? Ẹni tí kò tíì lọ, báwo ló ṣe máa bọ̀?”

Sàídátù gbé ọ̀rọ̀ náà padà sílé bí ẹni gbé ẹyin. Kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ó di ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí Mùílíù ti mọ́ṣáláṣí dé, ó gbé omi fún un mu, ó sì jókòó tì í, bí Mùílíù náà ṣe máa ń jókòó tì í.

“Ọjọ́ tí mo sunkún aṣọ, ẹ̀yin lẹ gbé mi dìde,” ó wí. “Ọjọ́ tí ó rẹ̀ mí láti máa ṣa èésan, ẹ̀yin lẹ lọ ṣà á fún mi. N kò mọ bí mo ṣe lè gbé ẹ̀yin, ẹ ju mi lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Bàbá ti ń fi ẹsẹ̀ ara wọn jáde. Wọ́n ti dé ìdí ẹ̀rọ omi. Àwa la pè wọ́n padà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń mí: ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ni ẹ̀yin gbọ́. Ẹni tó rẹ̀ ni èmi gbọ́.”

Mùílíù gbé ife omi náà lé orúnkún.

“Bí ọmọ yìí bá dé, tí bàbá bàbá rẹ̀ ṣì wà lórí ẹní, ta ni a ó sọ pé ó bọ̀?”

Mùílíù gbé ife náà kalẹ̀. Ó wá dìde, ó fọwọ́ kan ṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ wò, ó ní, “Ó yá, bá mi lọ. Bí mo bá nìkan lọ, n óò tún jókòó.”

Wọ́n gba etí òkun. Ìgbì ga lọ́jọ́ náà, ìró rẹ̀ sì bo gbogbo nǹkan. Sàídátù di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ohun tí kì í ṣe ní gbangba. Alásàrì tó nígbà tí wọ́n rí èéfín Adéjọkẹ́. Níbẹ̀ ni ikọ́ náà dún lẹ́yìn wọn. Kò jìnnà, ó tó ibi tí ẹni tó ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sóde máa ń wà. Sàídátù bojú wẹ̀yìn. Etí omi gbalasa ni, àti ipa ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì lórí yanrìn tútù. Kò sí ipa ẹsẹ̀ kẹta.

Adéjọkẹ́ ti dìde dúró. Kò kí wọn. Ó na ọwọ́ rẹ̀ tí ọ̀rá ẹja ń dán lára rẹ̀. Mùílíù tú ṣẹ́tí aṣọ, ó kó owó náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì pa á mọ́ ìkúùkù.

Mímí náà wá nígbà náà. Ó gùn ju gbogbo èyí tí Sàídátù ti gbọ́ rí lọ, ó sì sún mọ́ wọn tó fi jẹ́ pé ó gbọ́ bí ọ̀fun ṣe là, àti bí ahọ́n ṣe kúrò lára àjà ẹnu. Ìgbì dákẹ́ bí ẹni ń fún un láyè. Mùílíù kẹ̀yìn sí Adéjọkẹ́. Gbogbo ojú rẹ̀ ló fi kọ sí ọ̀nà tí wọ́n gbà wá, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ pe orúkọ rẹ̀.

“Ọkọ mi,” ni Sàídátù wí. Kò fà á, kò tì í.

Mùílíù kò yíjú kúrò níbi tó ń wò. Ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó wá ọwọ́ Adéjọkẹ́ títí ó fi bà á, ó sì la àwọn ìka rẹ̀.

Ìgbì wó lulẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òkun nìkan ló kù. Mùílíù dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ń tẹ́tí. Sàídátù fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀, nítorí ọmọ náà ti ta.

Adéjọkẹ́ kò ka owó náà. Ó dì í sínú ìgbànú rẹ̀, ó ní, “Ó tán,” ó sì padà sídìí ẹja rẹ̀, nítorí apá kan ti ń jó.